Bouaké Ti Wòran Tó, Ó Tó Àkókò Kí Àwa Náà Làágùn

Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, Bouaké ni ojú gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà. Ní pápá ìṣeré Stade de la Paix ni Super Eagles àti Bafana Bafana ti South Africa ti ń wàákò, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. William Troost-Ekong ti fi pẹ́náritì gbá ọ̀kan wọlé. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Victor Osimhen gbá èkejì sáwọ̀n. Ijó ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí rẹfirí ṣe lọ wo fídíò, tó wọ́gi lé góòlù náà, tó sì fún South Africa ní pẹ́náritì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ ní apá kejì pápá. Teboho Mokoena kò ṣì í gbá. Ó di àfikún àkókò, ó di gbá-kí-n-gbá pẹ́náritì. Stanley Nwabali mú méjì, Kelechi Iheanacho sì gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀ wọlé. Nàìjíríà borí pẹ̀lú 4 sí 2.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀fọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ayọ̀. Ìròyìn gbé e pé Dókítà Cairo Ojougboh, tó ti fìgbà kan jẹ́ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń wo bọ́ọ̀lù náà nílé rẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ dágbére fáyé. Wọ́n tún ròyìn ikú òṣìṣẹ́ àgbà kan ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, àti ti agùnbánirọ̀ kan ní Adamawa. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ́ ni láti sọ ohun tó pa ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìpayà òjijì àti àyọ̀jù a máa mú kí ọkàn lù kìkì, a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọkàn tó le dáadáa yóò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra, yóò sì rọlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń fìyà jẹ lábẹ́lẹ̀ láti ọdún gbọọrọ lè má gbà á.

Ẹ̀jẹ̀ ríru sì pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé àwọn àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 30 sí 79 tí wọ́n ní i lágbàáyé tó bílíọ̀nù 1.28, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ rárá pé àwọn ní i. Kì í dunni, kì í yúnni, kì í fa ibà. Ọjọ́ tó bá máa kan ilẹ̀kùn, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ ni yóò bá wọlé.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Okun ara kì í ṣe ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fọ́mọ, kì í sì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri ọjà. Òógùn ara ẹni àti ohun tó ń ti ẹnu wọlé ló ń kọ́ ọ, ní díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a kọ́ ọ.

Bí ìlú kan bá wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé, Bouaké ni. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì rántí bí ìlú náà ṣe gba àlejò Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1984. Kí ti ọdún 2024 tó dé, ìjọba Côte d'Ivoire tún pápá náà kọ́, ó sì wá ń gba nǹkan bí 40,000 èèyàn. Ibẹ̀ náà ni àwọn Erin, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ti na Mali ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2024. Wọ́n ti lé Odilon Kossounou jáde kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, wọ́n ku ènìyàn mẹ́wàá, Mali sì ti gbá góòlù kan wọlé. Simon Adingra dá a padà ní ìṣẹ́jú 90, Oumar Diakité sì gbá èyí tó pa Mali nígbà tí àfikún àkókò gan-an ti tán. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí Kolo Touré àti Yaya Touré sí. Ẹnikẹ́ni tó bá wo eré ọjọ́ Mali yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ dídùn nìkan ló mú ènìyàn mẹ́wàá sáré fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti fi kọ́ ara wọn kí alẹ́ yẹn tó dé.

Báwo ni ti àwa tí a jókòó wò wọ́n? Láti Ẹjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ní Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ni àwọn bàbá wa ti wá sí Côte d'Ivoire, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè wá ní Ànàgó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ṣòwò. Wọ́n gbé igbá lórí, wọ́n gbé aṣọ léjìká, wọ́n ń kiri láti abúlé dé abúlé. Òwò wọn gbèrú, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ wọn wá ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, oúnjẹ ń wá bá a níbẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ dé ibi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, yóò pe ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yìí ní ìtàn ní Bouaké. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, tí orílẹ̀-èdè pín sí méjì, tí Bouaké sì di olú ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ọkọ̀ dínkù nígboro, iṣẹ́ tán. Ọ̀dọ́ tó bá rí alùpùpù kan fi í gbé èrò, ó sì fi bọ́ ilé. Ogun ti parí tipẹ́, ọ̀kadà kò lọ. A kò bá àwọn ọlọ́kadà jà, nítorí wọ́n gba ìlú là nígbà tí nǹkan le. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jókòó sórí alùpùpù láti Koko tàbí Dar-es-Salam dé ọjà, tó tún jókòó sí ọjà, tó tún jókòó padà wálé, tó wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn?

Ohun tí ìjókòó ń ṣe sí ọkàn kì í ṣe àbá lásán. Lọ́dún 1953, Jeremy Morris, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ àbájáde ìwádìí tó ṣe lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Ọkọ̀ alájà méjì ni wọ́n ń lò nígbà náà. Awakọ̀ jókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ lọ sókè sódò láti gba owó, iye àtẹ̀gùn tó ń gùn lójúmọ́ sì lè ju 500 lọ. Ilé iṣẹ́ kan náà, àdúgbò kan náà, owó oṣù tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, síbẹ̀ àrùn ọkàn mú àwọn awakọ̀ gan-an ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, ó sì tètè máa ń pa wọ́n. Morris gba ẹ̀kọ́ inú iṣẹ́ ara rẹ̀: ó ń ṣe eré ìdárayá títí ó fi darúgbó, ó sì kú lọ́dún 2009 ní ẹni ọdún 99.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹ̀yà wa, pé bó ṣe pa bàbá ni yóò pa ọmọ. A gbọ́. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọdún 1990, Richard Cooper, Charles Rotimi tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní ìgbèríko Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn 7 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Jamaica, ó di 26. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Àwọn baba ńlá kan náà ló bí wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni ìwọ̀n ara wọn, iyọ̀ inú oúnjẹ wọn, iṣẹ́ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń ṣe, àti wàhálà ibi tí wọ́n ń gbé. Òótọ́ ni pé ìdílé mìíràn ní àjogúnbá àrùn ju òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, àgbẹ̀ ìgbèríko Nàìjíríà ì bá ti ní in bíi ti ìbátan rẹ̀ tó wà lókè òkun.

Ohun kejì tó ń pa wá lára wà nínú ìkíni wa. Bí ẹnì kan bá ti Abidjan tàbí Bouaké dé Ẹjìgbò lọ́dún iléyá tàbí Kérésì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé, "Ẹ mà ti sanra o, ibẹ̀ yẹn gbà yín!" Bó bá sì fọn díẹ̀, wọn yóò bèèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá òwò ti bàjẹ́ tàbí àìsàn kan ń ṣe é. Nígbà tí ebi ń pa ìlú, ó yé wa ìdí tí sísanra fi jẹ́ ẹ̀rí ọlá. Lónìí, ọ̀rá tó kó sí ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ni àwọn dókítà bẹ̀rù jù, torí òun ló ń la ọ̀nà fún ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jẹ́ kí a wá nǹkan mìíràn fi kí ara wa.

Kí ni òógùn ń ṣe nínú ara gan-an? Iṣan ni ọkàn. Bí eré bá ń mú un ṣiṣẹ́ kára fún oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á pọ̀ sí i, kò sì ní máa lù kìkì mọ́ nígbà tí ara bá wà ní ìsinmi. Ọkàn ẹni tí kì í ṣeré sábà máa ń lù ní ìgbà 70 sí 80 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ti ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn lè má ju 50 lọ. Òpó ẹ̀jẹ̀ á rọ̀, á lè fẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Iṣan ẹsẹ̀ àti ti apá á máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, ìyẹn ló sì fi ń dènà ìtọ̀ ṣúgà. Ní ti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, eré ìdárayá tí kò dáwọ́ dúró sábà máa ń fa òǹkà òkè nínú méjì tí ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ ń gbé jáde wálẹ̀ ní nǹkan bí 5 sí 8. Ṣùgbọ́n èrè yìí kò ṣeé tọ́jú sínú àpótí. Ẹni tó bá pa eré tì fún oṣù méjì á rí i pé ọ̀pọ̀ èrè náà ti lọ.

Ìwọ̀n tí WHO là sílẹ̀ lọ́dún 2020 kò pọ̀ jù: ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún eré tó mú ara gbóná níwọ̀nba, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le, àti ọjọ́ méjì ó kéré tán fún iṣẹ́ tó ń ró iṣan lágbára. Kò sí ẹni tó nílò ẹ̀rọ láti mọ ìyàtọ̀. Bí èèyàn bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, tó lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ìwọ̀nba nìyẹn. Bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin lọ kó tó mí, ó ti wọ èyí tó le. Ara tó ti mọ́ra jàǹfààní púpọ̀ lọ́dọ̀ èyí tó le, nínú àkókò tó kúrú. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ká làágùn, kì í ṣe pé ká kàn na apá lórí ibùsùn.

Àmọ́ ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi nìyí. Ní Côte d'Ivoire, àwọn ọkùnrin tó ti lé lógójì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù maracana, bọ́ọ̀lù pápá kékeré tí àwọn ará Côte d'Ivoire dá sílẹ̀ fúnra wọn. Láàárọ̀ Sátidé tàbí Sọ́ńdè, ẹ ó rí wọn ní gbogbo àdúgbò pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́. Eré dáadáa ni, ó ń so èèyàn pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹni tó jókòó láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tó wá sáré bí ọmọ ogún ọdún fún wákàtí kan, tó sì tún ti orí pápá kọjá sí maquis, ìyẹn ilé oúnjẹ àti ọtí wọn, láti fi bíà tutù pa òǹgbẹ. Lọ́dún 1993, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine fi hàn pé nínú wákàtí tó tẹ̀lé iṣẹ́ agbára, ewu kí ìkọlù ọkàn ṣẹlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 107 fún ẹni tí kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣe é ní ìgbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ju ìlọ́po 2.4 lọ. Ewu wákàtí kan ṣoṣo kéré lóòótọ́, bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àlàfo àárín àwọn méjèèjì ṣe gbòòrò tó. Eré kọ́ ni ọ̀tá. Eré òjijì lórí ara tí kò mọ́ra ni.

Kódà àwọn tó fi eré ṣe iṣẹ́ kò kọjá àyẹ̀wò. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989 ni Samuel Okwaraji ṣubú nínú pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Èkó níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Angola gbá, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Cheick Tioté, ọ̀kan lára àwọn Erin Côte d'Ivoire, ṣubú níbi ìgbáradì ní Beijing, ẹni ọgbọ̀n ọdún ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ti lé lógójì, tàbí ẹni tó sanra jù, tàbí ẹni tí òbí rẹ̀ ní àrùn ọkàn, tó so okùn bàtà eré, kó kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀. Bí àyà bá ń dun èèyàn nígbà tó bá ń ṣeré, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí èémí rẹ̀ kò wálẹ̀ bó ti yẹ, kó dúró, kó gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ̀sọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀lé e, kí a máa sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí a rìn fún méjì, kí a tún un ṣe bí ìgbà mẹ́jọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, a lè fi okùn fífò, òkè gígùn tàbí maracana gan-an kún un. Ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí a máa bẹ̀rẹ̀ ká máa dìde, kí a dojú bolẹ̀ ká fi apá ti ara sókè. Ẹni tí kò lè ṣe é lórí ilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lára ògiri. Kí ọjọ́ ìsinmi wà láàrin, torí ìgbà tí ara bá sinmi ló ń tún iṣan tó lò ṣe. Ní ìlú tó gbóná bíi Bouaké, ìdájí ni àkókò eré, kí oòrùn tó mú, kí a sì mu omi kí a tó jáde.

Ní ti oúnjẹ, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó sáré fún ìdajì wákàtí lè fi ìgò mínírà kan dá ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ padà kó tó délé. Ṣùgbọ́n inú wa dùn láti sọ pé ará Bouaké kò nílò oúnjẹ òkèèrè láti jẹun tó dáa. Ilẹ̀ iṣu ni wọ́n wà. Iṣu kponan lókìkí káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àwọn Baoulé sì ń gún un bí àwa náà ṣe ń gún un. Ewé tí wọ́n ń pè ní kplala ní ọjà, ewédú wa ni. Ọbẹ̀ gouagouassou wọn kún fún ilá, ìgbá àti ewé. Kédjénou wọn, adìẹ ni wọ́n dé mọ́ inú ìkòkò pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà àti ata, tó ń fi omi ara rẹ̀ jinná, láìsí pé wọ́n dín in nínú òróró. Attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ti di ohun tí àgbáyé mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni UNESCO fi ọgbọ́n ṣíṣe é sínú àkójọ àwọn ohun àjogúnbá ọmọ ènìyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ohun tí a ń dà lé oúnjẹ wọ̀nyí lórí, àti bí a ṣe ń bù ú. Ẹ wo garba tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn: attiéké àti ẹja díndín, tí wọ́n tún bu òróró tí wọ́n fi dín ẹja náà lé lórí, tí wọ́n sì fọ́ Maggi sí i. Ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú irú mágí bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀. WHO ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má kọjá gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí ìmutíì kan péré, tòun ti èyí tó fara pamọ́ sínú mágí, búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ. Agolo mínírà sẹ̀ǹtílítà 33 kan ní ṣúgà bíi gíráàmù 35, bẹ́ẹ̀ ohun tí WHO kà sí dáadáa jù fún odindi ọjọ́ kò ju nǹkan bí 25 lọ. Kọfí àárọ̀ tí wọ́n fi mílíìkì dídùn pò ní kíósì, pẹ̀lú odindi búrẹ́dì funfun gígùn, ti kó ṣúgà wọlé kí ọjà tó ṣí.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi garba tàbí dòdò sílẹ̀ títí ayé. Kó di oúnjẹ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí iyán tàbí attiéké gba ìdá mẹ́rin, kí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí adìẹ gba ìdá mẹ́rin tó kù. Ẹni tó ń ṣe eré tó le gbọ́dọ̀ rí ẹja àti ẹ̀wà jẹ dáadáa, torí òun ni ara fi ń tún iṣan ṣe. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní DASH, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, fi oúnjẹ tó kún fún ẹ̀fọ́, èso àti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ bọ́ àwọn èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, láìdín iyọ̀ wọn kù, láìjẹ́ kí wọ́n fọn. Láàrin àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òǹkà òkè fi nǹkan bí 11 wálẹ̀ ju ti àwọn tí oúnjẹ wọn kò yí padà lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì jàǹfààní rẹ̀ jù. Ẹni tó bá ń lo oògùn kò gbọdọ̀ torí èyí dá a dúró láìsọ fún dókítà rẹ̀.

Ìyá ọlọ́jà kan lè bi wá pé, "Ẹ̀yin olóòtú, ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè sáré?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Òun ló kọ́kọ́ jí, òun ló kẹ́yìn sùn. Ìdáhùn wa ni pé kó má wá àyè kan ṣoṣo tó gùn. Kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níbi tí ọjà ṣì jìnnà díẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù kánmọ́kánmọ́. Kó dìde lórí àpótí ní wákàtí wákàtí. Kó jẹun alẹ́ kí ó tó di agogo mẹ́jọ, kódà bí ó bá jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ni, dípò kó jẹ iyán ní agogo mẹ́wàá kó sì sùn lé e. Kí ọkọ náà mọ̀ pé bí òun bá ráyè maracana láàárọ̀ Sátidé, ó yẹ kí ìyàwó òun ráyè rìn láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí òun sì mójú tó àwọn ọmọ nílé.

Ojúṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ìlú náà ní tirẹ̀. Ẹni tí a ní kó rìn gbọ́dọ̀ rí ibi rìn. Bí ẹ̀bá ọ̀nà bá ti kún fún ọjà àti alùpùpù tí wọ́n gbé kalẹ̀, bí kò bá sí iná ní ìdájí, ọ̀rọ̀ eré yóò kàn jẹ́ ti ọ̀dọ́kùnrin tí kò bẹ̀rù nǹkan kan. Kigali ní Rwanda ti fi ọ̀nà hàn: láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ti àwọn ọ̀nà kan fún ọkọ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè kan lóṣù, lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Èèyàn ń rìn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Ìlú tó lè gba àlejò ilẹ̀ Áfíríkà fún oṣù kan lè ti ọ̀nà kan láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí ìgbìmọ̀ ìlú Bouaké ṣe é, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò rí pápá lò, kó má jẹ́ pé ọjọ́ ìdíje ńlá nìkan ni koríko ń rí ẹsẹ̀ èèyàn.

Àwọn ẹgbẹ́ wa kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, mọ́ṣáláṣí àti ìjọ, gbogbo wọn ló ní ìpàdé, gbogbo wọn ló ní owó ẹgbẹ́. Aṣọ ẹbí tí a ń rà fún ìnáwó kan ṣoṣo ju owó ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì. Kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan máa fi ìwọn ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa kọ òǹkà sílẹ̀, kí ẹni tí tirẹ̀ bá ń tó 140 lórí 90 tàbí tó ń kọjá rẹ̀ lemọ́lemọ́ gba ilé ìwòsàn lọ. Kí ẹgbẹ́ yan ọjọ́ ìrìn kan lọ́sẹ̀, kí ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ jọ jáde. Níbi ìnáwó, kí omi àti èso kọ́kọ́ dé orí tábìlì kí mínírà àti bíà tó dé.

Ìlera loògùn ọrọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Ẹni tó fi ogún ọdún kó ọjà jọ ní Bouaké, tó wá fi owó ọjà náà wo rọpárọsẹ̀, kò jẹ èrè kankan. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó máa kọ́kọ́ na apá sílẹ̀ fún un. Kí alága ṣe àkọ́kọ́.